Ohun Tí Mo Kọ Sórí Fọ́ọ̀mù Dúpẹ́

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kò bá wa dé Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Gbogbo bí ẹ ṣe máa ń lẹ etí mọ́ rédíò, tí ẹ ó ní kí a dákẹ́ kí ẹ lè gbọ́ bóyá wọ́n ti fún wa ní ìpínlẹ̀ tiwa, ẹ̀yìn yín ni wọ́n tó fún wa. Orúkọ Oǹdó ṣì ń hàn lábẹ́ ọ̀dà tuntun tí wọ́n kùn sára ọkọ̀ áńbúláǹsì wa. Tí oòrùn bá ràn sí i, ẹ ó rí i kà dáadáa.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí ẹ rán mi lọ kọ́ ni mo ṣì ń ṣe, àmọ́ n kò sí ní wọ́ọ̀dù mọ́. Ìkẹ́rẹ́ ni mo wà, mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí yóò máa bá áńbúláǹsì lọ gbé ẹni tí àìsàn tàbí jàǹbá dá mọ́lẹ̀. Mo ń kọ́ wọn pé kí wọ́n má gba ohun tí ojú kọ́kọ́ rí gbọ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, ó lè jẹ́ inú ikùn ni ẹ̀jẹ̀ tí yóò pa á ń dà sí. Ẹni tó ń ṣe bí ọ̀mùtí, ó lè máà jẹ́ ọtí ló ń ṣe é. Tí mo bá dé orí eléyìí, ilẹ̀ ni mo máa ń wò.

Ẹ̀yin mọ ìdí rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ ìkórè yẹn, ẹ lo oògùn àtọ̀gbẹ yín, ẹ ní ẹ ó jẹun tí ìsìn bá parí. Ìsìn kò tètè parí. Ẹ̀yin tí ẹnikẹ́ni kò rí kí ẹ fi ẹmu kan ẹnu rí, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ kọ níwájú ìjọ, ọ̀rọ̀ yín kò já gaara mọ́, ẹ sì bú àlejò tí a pè láti Adó. Ojú tì mí. Mo rò pé ẹnì kan ló fi ọtí sí ohun mímu yín. Mo fà yín lọ sílé, mo tẹ́ yín sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́ yín láti ìta kí àwọn ará ìjọ má bàa rí yín bẹ́ẹ̀. Ọdún kejì mi ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nìyẹn. Aṣọ yín rin gbindin fún òógùn, èmi ni mo sì bọ́ ọ. Ta ló yẹ kó mọ̀ tí kì í bá ṣe èmi? Nígbà tí mo fi padà wá, ẹ ti lọ. Gbogbo ilé gbà pé ojú oorun ni ẹ gbà lọ, n kò sì sọ nǹkan kan. Ṣé ẹ pè mí, Bàbá? Ṣé ẹ kan ilẹ̀kùn náà?

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, a lọ sí Ìsẹ̀ fún ìdánwò Dúpẹ́; aláìsàn gidi tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè wá sí ni a fi ń ṣe é. Ọmọ Emùré ni, kì í tètè sọ̀rọ̀, ó sì ti ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀mejì kò yege. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló kù fún un, kò sí ẹ̀ẹ̀kẹrin. Lọ́jọ́ ìdánwò, akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀gá. Tí olùkọ́ bá tọ́ ọ sọ́nà pẹ́nrẹ́n, ó ti fìdí rẹmi nìyẹn. Àmọ́ tí ẹ̀mí bá fẹ́ bọ́, olùkọ́ gbọ́dọ̀ dá sí i. Ìdánwò kò sí mọ́ nígbà náà. Fọ́ọ̀mù ẹni tó yege nìkan ni ọ̀gá wa máa ń lu òǹtẹ̀ sí.

Ìyá kan ló sáré wá pè wá pé ẹnì kan já bọ́ lórí ọ̀kadà nítòsí gáréèjì. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní iwájú orí rẹ̀, ẹmu ń rùn lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bí ẹni ń pe réjísítà. Àwọn èrò ń dáhùn fún un, wọ́n ń rẹ́rìn-ín pé Tíṣà ti yó láàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ ń fi gèlè bo ojú bàbá náà, ó ń bẹ̀ wá pé kí a jẹ́ kí òun máa mú un lọ sílé.

Dúpẹ́ gbájú mọ́ ẹ̀jẹ̀. Ó fi òwú tẹ ojú ọgbẹ́ náà, ó ní kí ẹnì kejì rẹ̀ di orí bàbá mú kí ọrùn má yí. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bàbá ti dákẹ́ orúkọ pípè, ojú rẹ̀ ti ń pa dé, òógùn sì ti mú ẹ̀wù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn láyà. Mo rí i. Mo mọ ohun tó jẹ́. Ẹnu mi kò là.

N kò ní purọ́ fún yín pé òfin ìdánwò ni mo ń pa mọ́. Ọmọbìnrin tó fẹ́ mú bàbá rẹ̀ lọ sílé yẹn ni mo ń wò, ẹsẹ̀ mi sì lẹ̀ mọ́lẹ̀.

Dúpẹ́ fọwọ́ kan àyà bàbá, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó tutù, ó yíjú sí ọmọ bàbá, ó bi í ohun tí bàbá jẹ láti àárọ̀. Ọmọ náà ní bàbá kò jẹ nǹkan kan, ife ẹmu kan ṣoṣo ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ bù fún un. Dúpẹ́ bèèrè oògùn. Ọmọbìnrin náà wo àwọn èrò, ó sún mọ́ ọn.

“Ti àtọ̀gbẹ ni. Ó ní a ò gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Dúpẹ́ gún un ní ìka, ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí bébà àyẹ̀wò. Àwọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí rárá: ṣúgà ti tán lára bàbá. Bí ọkùnrin kan ṣe gbọ́ ṣúgà, ó ṣí ìgò mínírà, ó fẹ́ dà á sí i lẹ́nu. Dúpẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Bọ̀ọ̀dá, kò lè gbé e mì. Ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ.”

Ó já àpótí oògùn gbà lọ́wọ́ mi. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kò bá iṣan. Ìkejì bá a, ó sì fa glúkóòsì sí i lára díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, bàbá lajú, ó ní kí àwọn èrò padà sí kíláàsì wọn. Ojora ṣì mú wa. Ìgbà tó rí abẹ́rẹ́ lápá rẹ̀, tó sì bi ọmọ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé ṣé ó ti sọ fún wọn, ni a tó mọ̀ pé orí rẹ̀ ti pé. A gbé e lọ sílé ìwòsàn nítorí ọgbẹ́ orí náà, àti pé oògùn àtọ̀gbẹ yẹn tún lè fa ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀.

Nínú ọkọ̀, àwọn ọmọ náà ń yìn mí pé mo ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, pé ṣe ni mo kàn ń dán wọn wò. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Dírẹ́bà ti sọ fún ọ̀gá wa bí mo ṣe dúró bí òpó. Ọ̀gá pè mí lọ́jọ́ Ẹtì, ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Kì í ṣe ènìyàn búburú, ó fẹ́ bò mí láṣìírí ni. Ó ní kí n kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù ìdánwò pé èmi ni mo tọ́ Dúpẹ́ sọ́nà, torí kò sí bí òun ṣe lè ṣàlàyé fún ìjọba pé olùkọ́ ń wò nígbà tí ènìyàn ń kú lọ. Mo ní Dúpẹ́ ńkọ́. Ó ní wọn yóò bá a wá nǹkan mìíràn ṣe.

Mo gbé fọ́ọ̀mù náà wá sílé. Mo jókòó tì í ní gbogbo Sátidé. Lánàá tí mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ni mo tó mú bírò. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe, mo kọ gbogbo rẹ̀ títí kan abẹ́rẹ́ tí kò bá iṣan. Ohun tí olùkọ́ ṣe, mo kọ pé: Mo dúró. Wọ́n fi ìlà mẹ́ta sílẹ̀ fún ìdí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí bàbá mi ṣe kú nìyẹn, pé mo rò pé ó mutí ni, pé èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. N kò kọ ọ́ sílẹ̀ rí, n kò sì sọ ọ́ fún ẹ̀dá kankan rí. Ìlà mẹ́ta gbà á.

Láàárọ̀ yìí ni mo gbé e fún ọ̀gá. Ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún un kà. Ó ní n kò gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ jáde mọ́ títí wọn yóò fi ránṣẹ́ láti Adó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì dìde. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ tí ó lu òǹtẹ̀ sórí fọ́ọ̀mù Dúpẹ́.

Èmi ni ọmọ yín, tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń fà sí yín lójoojúmọ́.