Jíà Kò Fò, Èmi Ni Mo Tẹná Mọ́ Ọkọ Mi

Jíà ò fò o. Gbogbo Ṣakí ló gbà pé jíà ọkọ̀ ló fò tó fi run ẹsẹ̀ ọkọ mi méjèèjì, àmọ́ irọ́ ni, èmi ni mo fà á, èmi ni mo tẹná. Ádímìn, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Àwọn orúkọ tí mo máa dá níbí náà kì í ṣe orúkọ wọn gangan… mi ò lè sọ fún ìyá mi, mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò mọ̀ mí nìkan ló kù tí mo lè sọ fún.

Àgbẹ̀ ni ọkọ mi, iṣu àti àgbàdo là ń gbìn lápá Tẹ̀dé. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó lọ ra píkọ́ọ̀pù kan ní Ìsẹ́yìn, tòkúnbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Kì í ṣe píkọ́ọ̀pù kékeré tẹ́ ẹ máa ń rí káàkiri o, èyí ga débi pé bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ dé mi láyà, púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ ló wà nínú ẹ́ńjìnnì ẹ̀, tí wọ́n bá ṣáná sí i, ẹ máa gbọ́ ọ nínú ikùn yín. Ẹ̀gbẹ́ sítíárín ni ọwọ́ jíà ẹ̀ wà, ẹ máa fà á wálẹ̀ ni. Ọkọ mi ní kí wẹ́dà jó bọ́ńpà onírin ńlá mọ́ ọn níwájú, ó tún fi sípíríǹgì kún tẹ̀yìn, a máa kó iṣu kún un dé òkè, á sì máa gun òkè olókùúta bí ẹni tí ò ru nǹkan kan. Òun fúnra ẹ̀ ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wà á, kí n lè máa kó ẹrù wálé tó bá rẹ̀ ẹ́. Ojoojúmọ́ ló ń fọ ọkọ̀ yẹn, á fi aṣọ rírọ̀ nù ún bí ọmọ jòjòló. Èmi ńkọ́? Bẹ́líìtì fáànù ọkọ̀ náà ló fi ń nà mí. Ó ti yọ eyín mi kan, ó ti ṣẹ́ eegun èjìká mi, mo ń sọ fún àwọn ará ilé pé mo ṣubú nínú balùwẹ̀ ni. Ìgbà mélòó lèèyàn lè ṣubú nínú balùwẹ̀ kan ṣoṣo?

Mo fara dà á. Àfìgbà tó kan ọmọ mi. Àwáwù, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ń bá wa já iṣu sílẹ̀, ọkọ́ ọwọ́ ẹ̀ ha ọ̀dà ara ọkọ̀ náà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí. Bàbá ẹ̀ gbá a létí, ó tún gbá a, ó tún gbá a, mo dì mọ́ ọn, ó fi orí mi lu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó padà sórí ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde létí ọmọ mi, ó ń ṣàn sí kọ́là aṣọ ẹ̀. Di báyìí tí mò ń kọ èyí, Àwáwù ò fi etí òsì yẹn gbọ́ nǹkan kan. Tí mo bá pè é láti apá ibẹ̀, kò ní yíjú.

Ọjọ́ kejì ẹ̀ la wà lóko, èmi àti ọkọ mi nìkan. A ti kó iṣu sẹ́yìn ọkọ̀ tán. Èso koríko ti dí rédíétọ̀ pa, ẹ́ńjìnnì sì ti ń gbóná, ó wá ní kí n wọlé síbi sítíárín kí n máa wo gééjì, kí n má pa iná, òun fẹ́ lọ yọ ọ́ kúrò níwájú. Igi máńgòrò kan wà níwájú ọkọ̀, kò ju ìṣísẹ̀ méjì lọ, àárín méjèèjì ló dúró sí. Láti ibi tí mo jókòó sí, orí àti èjìká ẹ̀ nìkan ni mò ń rí lókè bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ń yọ koríko, ó ń fi orin sẹ́nu. Ó wá gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Sọ fún ọmọ ẹ pé etí kan ṣì kù."

Ẹsẹ̀ mi kàn lọ sórí búrẹ́kì… rárá, kí n má parọ́ mọ́, èmi ni mo gbé e lọ síbẹ̀. Mo tẹ búrẹ́kì, mo fa jíà wálẹ̀, mo wo ojú ẹ̀, mo sì tẹná mọ́lẹ̀ pátápátá. Ọkọ̀ yẹn bú ramúramù, ó fò síwájú. Mo gbọ́ bí egungun ṣe ń fọ́, bí ìgbà tí wọ́n ń ṣẹ́ pòròpórò àgbàdo gbígbẹ. Ó ké ẹ̀ẹ̀kan, ohùn ẹ̀ ò jáde mọ́. Ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀ báyìí, ó ń wò mí. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó kí n tó fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ó wó lulẹ̀ bí àpò tó tú.

Ẹ̀rù wá bà mí. Mo fi híjáàbù mi di itan ẹ̀ méjèèjì, mo ké títí tí àwọn ará oko tó múlé tì wá fi dé, wọ́n da iṣu nù, wọ́n gbé e sẹ́yìn. Mo wa ọkọ̀ náà dé Ṣakí, mi ò dúró fún kòtò, mi ò dúró fún omi. Dókítà gé ẹsẹ̀ méjèèjì lókè orúnkún. Nígbà tí wọ́n bi mí, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni pé jíà ló fò fúnra ẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí mo ti dáràn gan-an nìyẹn. Torí Bọ̀dá Múfú, mẹkáníìkì wa, ló tún wáyà jíà ọkọ̀ náà ṣe lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Àwọn àbúrò ọkọ mi mẹ́ta gbọ́, wọ́n kó àdá àti irin, wọ́n fò sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, wọ́n ní kí n gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù Múfú. Mo sì gbé wọn lọ! Ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi ṣì wà lára bọ́ńpà. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo ń wò wọ́n. Wọ́n fa Múfú jáde lábẹ́ ọkọ̀ tó ń tún ṣe, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ lé orí irin, wọ́n fi òòlù ẹ̀ gangan fọ́ ọ. Ìka kan tẹ̀ lé òmíràn. Wọ́n fọ́ ojú ẹ̀ kan, wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ rí mi nínú ọkọ̀, ó sáré wá kúnlẹ̀, ó ń lu gíláàsì, ó ní, "Ìyá Àwáwù, ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n!" Mo wo iwájú. Mi ò yí gíláàsì sílẹ̀.

Ọlọ́pàá dé, Múfú náà ni wọ́n tì mọ́lé, wọ́n ní iṣẹ́ jíà tí ò ṣe dáadáa ló run ẹsẹ̀ ọkọ mi. Wọ́n mú un lọ sóko láti wo ibi tó ti ṣẹlẹ̀, wọ́n mú èmi náà lọ. Múfú wo ilẹ̀. Táyà ẹ̀yìn ti gbẹ́ ilẹ̀ jìn níbi tí mo ti tẹná. Ó fi ojú kan tó kù wò mí. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ lọ fún un ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó rọra sọ fún mi pé, "Ìyá Àwáwù, ọkọ̀ yẹn kì í kúrò lójú kan tí ẹnìkan ò bá tẹ búrẹ́kì kó tó fa jíà. Tí jíà bá tiẹ̀ fò, kò lè gbẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀." Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún wọn. Ó ní, "Ta ló máa gba mẹkáníìkì gbọ́? Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́."

Ọkọ mi ti wà nílé báyìí. Kò rántí nǹkan kan lẹ́yìn orin tó ń kọ. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́ pé mo gba ẹ̀mí òun là, ó ń sunkún tí mo bá ń wẹ̀ fún un. Àwáwù ti ń rẹ́rìn-ín nínú ilé. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé mi ò kábàámọ̀ ti ọkọ mi. Ti Múfú ló ń pa mí.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, wọ́n ń gbé e lọ sí kóòtù, èmi ni ẹlẹ́rìí. Tí mo bá jẹ́wọ́, ẹ ti rí ohun tí àwọn àbúrò ọkọ mi fojú aláìṣẹ̀ rí, kí ni wọ́n máa ṣe fún èmi? Ta ló máa tọ́jú ọmọ mi? Tí mo bá dákẹ́, ẹni tí ò ṣẹ̀ á lọ sẹ́wọ̀n pẹ̀lú ọwọ́ tí kò lè di súpánà mú mọ́ láyé. Ẹ má sọ fún mi pé kí n gbàdúrà, mo ti gbà á títí. Wọ́n máa gbé Kùránì lé mi lọ́wọ́, Múfú máa dúró ní ọ̀ọ́kán mi, á máa wò mí… ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ?