Líìfù Tí Ọ̀gá Ánúà Fún Ọmọ Mi

Abúlé wa, lẹ́yìn Ǹsáwàmù,
Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà, 1958.

Ràbíátù Àjọkẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àsàláámù aléékúmù. Ṣé dáadáa ni lẹ́tà yìí bá ọ, ṣé ara le, ṣé òkun tí wọ́n ní ó wà lẹ́yìn ilé tí o wà yẹn kò sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù? Ọlọ́run tó dá omi náà ni yóò máa ṣọ́ ọ létí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ kò ní yọ̀, o kò ní rí ìbànújẹ́ mi, èmi náà kò ní rí tìrẹ. Bí o bá fẹ́ gbọ́ nípa tiwa, ara wa le, ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, atẹ́gùn òjò gbé páànù méjì lórí ilé ìdáná, wọ́n sì ti kàn án padà. Ẹni tó kàn án padà ni mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, nítorí náà jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti líìfù.

Èmi fúnra mi ni mo ń kọ ọ́ o. N kò gbé e lọ fún akọ̀wé ọjà, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń sọ sétí ọkùnrin tó ń gba sísì lórí ojú ewé kan. Bí o bá rí ibi tí mo ti fi ìka nu tádàwá, fojú fò ó, o mọ̀ pé Sítáńdáàdì Tú ni mo ti jáde.

Lọ́jọ́ Sátidé ni lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo ń kà á, mo ń rẹ́rìn-ín, títí mo fi dé ibi tí o ti kọ ọ́ pé o ti gba ánúà líìfù rẹ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, pé inú rẹ sì dùn. Àyà mi já. Mo jókòó lé páálí ṣáná tí mo fẹ́ tà. Àjọkẹ́, má rò pé n kò mọ líìfù. Nígbà tí mo wà níléèwé ní Lagos Town ní Àkúrà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Tíṣà Àdìgún sọ ọ́ fún mi, líìfù dì kíláàsì, tó na ìka sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀kíní, mo dúró síta di ìgbà tí wọ́n lu agogo. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo sunkún. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo jáde tí n kò padà wọlé mọ́ títí di òní. Ohun tó pa ìwé mi nìyẹn, òun náà ló tún wá bá ọ níbi iṣẹ́ ìjọba, lọ́dún kejì tí ìjọba bọ́ sọ́wọ́ àwa aláwọ̀ dúdú, o wá ní inú rẹ dùn. Mo ní ìpayà ti da orí ọmọ mi rú.

Mo tún wo orúkọ ẹni tó lé ọ. Ánúà. Mo ní ta ni Ánúà yìí, tí orúkọ rẹ̀ jọ àánú tí kò sì ní àánú lójú?

Lọ́jọ́ Túsìdeè, àwa méjèèjì wọ rélùwéè àárọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ ní Àkúrà, èmi àti Àlàní. Mo kọ orúkọ ọkọ mi báyìí nítorí pé orí ìwé ni, ẹnu mi kò lè pè é. Oṣù kejì rèé tí wọ́n gbé mi níyàwó, bí mo bá sì fẹ́ pè wọ́n láti ẹ̀yìnkùlé, ikọ́ ni mo máa ń hú, wọ́n ti mọ ikọ́ ìpè yàtọ̀ sí ikọ́ òtútù. Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin tó ti sin ọkọ kan, tó tún wá di ìyàwó ní ọmọ ọdún méjìdínlógójì, ìtìjú rẹ̀ pọ̀ ju ti ọmọge lọ. Àlàní ti ilé ìtún-kẹ̀kẹ́-ṣe pa fún ọjọ́ kan gbáko, wọ́n wọ agbádá funfun tí wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó wa, wọ́n ru iṣu mẹ́ta, èmi gbé àgbébọ̀ adìẹ kan dání, a lọ bẹ Ọ̀gá Ánúà.

Ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì yín, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́, inú rẹ ì bá dùn sí mi. Wọ́n béèrè bísínẹ́ẹ̀sì mi, mo kọ ọ́ kún: òwú, abẹ́rẹ́, ṣáná, kẹrosíìnì, iyọ̀ bí ó bá wọ́n. Wọ́n béèrè ẹni tí mo fẹ́ rí, mo kọ Ọ̀gá Ánúà. Akọ̀wé kan jáde wá, ọmọ Gàá, àwọn onílùú Àkúrà, ó so táì mọ́rùn, ó wo fọ́ọ̀mù, ó wo adìẹ. Ó ní Alátà, bí wọ́n ti máa ń pe àwa àlejò, kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí, ọ̀gá tó bá ti gbóòórùn ẹ̀bẹ̀ kì í sí lórí ìjókòó.

Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, Àlàní ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Lórí sìmẹ́ǹtì pupa tí wọ́n fi òróró pa, tagbádá tagbádá, níwájú ọmọ tí wọ́n lè bí lọ́mọ. Wọ́n ń sọ èdè Tíwì mọ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ní ọmọ àwọn ni Ràbíátù, ohun yòówù tó bá ṣe, kí ọ̀gá kà á sí àwọn lọ́rùn, pé àwọn ni kò kọ́ ọ dáadáa. Àwọn tí ìwọ kò tíì bá jẹun nínú àwo kan rí.

Akọ̀wé fò sókè bí ẹni tẹ iná. Ó ń pè wọ́n ní Pàpá, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dìde. Ó gbé fóònù, ó ń sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, mo sì gbọ́ Ánúà, Ánúà, ni èmi náà bá kúnlẹ̀ kọjú sí fóònù, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, aláìní baba ni. Mo gbọ́ tí ẹni inú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀, nítorí ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín kì í lé ènìyàn níṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni akọ̀wé gbé àga fún wa, ó sì là á yé wa. Ó ní Ánúà kì í ṣe ènìyàn. Ó ní ohun tí à ń ṣe lọ́dọọdún ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Líìfù, ó ní ìsinmi ni. Mo ní kí ó tún un wí. Ó ní ìjọba á ní kí o lọ jókòó, ọjọ́ mọ́kànlélógún, owó oṣù rẹ á sì pé pérépéré. Mo bi í bóyá àwọn tó ń sanwó náà mọ̀ pé o kò sí níbẹ̀. Ó ní àwọn gan-an ni wọ́n ní kí o lọ. Àjọkẹ́, láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò gbọ́ irú oko bẹ́ẹ̀ rí, tó ń sanwó ọjọ́ tí a kò lọ. Àlàní ń nu agbádá wọn, òróró pupa ti wà ní iwájú rẹ̀ láti ọrùn dé orúnkún. Mo fi adìẹ sílẹ̀ fún akọ̀wé. Ó ní ìjọba kì í gba adìẹ, mo ní ìjọba kọ́ ni mo fún.

Ìgbà náà ni mo wá béèrè ibi tí o wà. Ó ní o bá Abena, ọmọbìnrin tí ẹ jọ ń tẹ̀wé, lọ sí ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Wìníbà létí òkun. O ti lo ọjọ́ mẹ́jọ, ó ku mẹ́tàlá. Ọjọ́ mọ́kànlélógún, kò sí ẹyọ kan fún wa. Mo wo Àlàní, wọ́n wo ilẹ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu ju owó ìjókòó lọ nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi Àgbékẹ́ tó tọ́ ọ ní Lagos Town ni a yà sí. Wọ́n fún wa ní kẹ́ńkẹ́ àti ẹja yíyan, wọ́n sì dúró dìgbà tí ọkọ mi lọ kírun Àílà kí wọ́n tó sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní o ní bàbá kan ṣoṣo lo ní, pé ó wà nínú ilẹ̀. Wọ́n ní o ní o kò mọ ohun tí o máa pe ọkùnrin yìí nínú ilé, pé ọjọ́ ìgbéyàwó tí o pè wọ́n ní Ọ̀gbẹ́ni Àlàní, ojú tí mo fi wò ọ́ kò tíì kúrò lára rẹ. Mo wò ọ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀gbẹ́ni ni à ń pe ẹni tó wá gba owó orí. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ojú yẹn ló ń dí ọ lọ́nà ilé.

Nínú rélùwéè tí à ń bọ̀, mo ń ro gbogbo họ́lídè rẹ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́ nígbà tí mo fi ọ́ sí Lagos Town kí o lè kàwé. Họ́lídè kìíní, o kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tí o fi bi mí pé kí ni mo sè. Ọdún kejì, bàbá rẹ lo kọ́kọ́ béèrè. Ọdún tí Sàlàkọ́ bàbá rẹ kú, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, o kò béèrè nǹkan kan, o kàn di ìró mi mú láti ibùdókọ̀ délé. Ó tún ṣe díẹ̀, o dé, o béèrè dígí. Ìgbà tó tún yá, o kò tíì gbé àpótí sílẹ̀ tí o fi béèrè aago tí rélùwéè ń padà. Mo rò pé họ́lídè ni wọ́n fi ń dá ọmọ padà fún ìyá rẹ̀, àṣé òun ni wọ́n fi ń gbà á lọ díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí mo ti ń rò ó ni Àlàní ti sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àwọn náà fẹ́ gba líìfù. Wọ́n ní àwọn á lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn ní Darkuman fún ọjọ́ mẹ́tàlá yẹn, kí n ránṣẹ́ sí ọ pé ilé ṣófo, kí o lè wá bá ìyá rẹ ṣe Iléyá. Àgbò ti wà lórí ìso, wọ́n ní kí n bẹ lèmọ́ọ̀mù kó bá wa dúńbú rẹ̀. Wọ́n wí i bí ẹni ń sọ pé òjò á rọ̀ lọ́la. Ọkùnrin tí ìgbéyàwó rẹ̀ kò ju oṣù méjì lọ, ó fẹ́ jáde nílé ara rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún nítorí ọmọ tó pè é ní Ọ̀gbẹ́ni.

Ẹnu mi là fúnra rẹ̀. Mo ní Bàbá Ràbíátù, ẹ má lọ síbì kankan.

Ẹ̀rù bà mí, Àjọkẹ́. Orúkọ tí mo fi pe bàbá rẹ láti ọjọ́ tí a ti bí ọ títí tí wọ́n fi kú ni. Mo yára wo ojú fèrèsé bí ẹni pé ìyá mìíràn ló sọ ọ́. Kí n tó rí i gbé mì, wọ́n ti dáhùn. N kò mọ̀ bóyá mo jí orúkọ náà ni àbí mo yá a, ṣùgbọ́n ìwọ lo ni ín, nítorí orúkọ tìrẹ ló wà nínú rẹ̀. Bí o bá ní kí n gbà á padà lọ́wọ́ wọn, màá gbà á. N kò ní gba èsì yẹn nínú lẹ́tà, wá sọ ọ́ lójú wa. Jímọ̀ ọ̀la kọ́ ni Iléyá, Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e ni. Mú Abena dání bí àwọn òbí rẹ̀ bá gbà, àgbò náà tóbi.

N kò ní kí o máa pè wọ́n ní Bàbá. Pè wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n, tàbí Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ bí àwọn ọmọ abúlé ti ń pè wọ́n. Bí kò bá sì sí èyí tó wá sẹ́nu, húkọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Òróró ilẹ̀ ọ́fíìsì yín kò bọ́ lára agbádá náà, mo ti fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá dà bí aṣọ alápatà. Bí ọwọ́ rẹ bá tó o, wá owó agbádá mìíràn fún wọn, kò yẹ kó ni ọ́ lára nígbà tí wọ́n ń sanwó ìjókòó fún ọ. Má fi ránṣẹ́ ní pósítà ọ́dà, fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá.

Ọlọ́run á jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ máa gbé ọ níyì, á fún ọ ní ọkọ tó lè dọ̀bálẹ̀ nítorí ọmọ ẹlòmíràn, bí o ti ń dàgbà kúrò lọ́wọ́ mi, o kò ní dàgbà kúrò lọ́kàn mi, àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sẹ̀kínátù.

Wọ́n dúró sẹ́yìn mi níbí, wọ́n ní kí n bá àwọn kí ọ. Mo bi wọ́n pé orúkọ wo ni kí n kọ pé ó ń kí ọ. Wọ́n ronú títí, wọ́n ní kí n fi àyè sílẹ̀, pé ìwọ ni kí o kọ ọ́ sí i bí o bá dé.

Ẹni tó ń kí ọ pẹ̀lú mi ni: ..............................