Àna Tí Ẹ̀yìn Rẹ̀ Kì Í Tẹ̀

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn jù,

Mo kúnlẹ̀ o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta, ó ti lé ní ọdún kan, ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà? Wọn ò tíì kọ́ wa ní ìyẹn kí n tó fi ilé ìwé sílẹ̀. Bí ẹ bá rí àṣìṣe nínú lẹ́tà yìí, ẹ fojú fò ó. Àfi pé ẹ̀yin náà kì í fojú fo nǹkan.

Wọ́n ti kọ orúkọ mi sí ìparí eré! Eré tiwa, Àna Ojú Ìràwọ̀. Lẹ́yìn orúkọ àwọn òṣèré, lẹ́yìn orúkọ ẹni tó gbé kámẹ́rà, orúkọ mi yọ, orúkọ yín sì tẹ̀lé e. Mo dá a dúró níbẹ̀, mo wò ó títí fóònù fi kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹ rántí bí a ṣe ń wò ó. Ẹ̀yin lórí ẹní, ẹ fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, fóònù Màmá níwájú wa, ó fara ti agolo mílíìkì. Àwọn ọmọ Ìlobù àti ti Ìfọ́n ló jọ ń ṣe eré náà. Ọmọbìnrin kan fẹ́ ọkùnrin tó ti ojú ìràwọ̀ wá. Ọkùnrin náà dára, ó lówó, ó ní ọkọ̀ tó ń fò, ṣùgbọ́n irin ni ẹ̀yìn rẹ̀. Kò lè tẹ̀, kò lè dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ìyàwó. Bàbá ìyàwó sì ní bó bá fẹ́ kó kó gbogbo ìràwọ̀ wá, ẹni tí kò bá dọ̀bálẹ̀ kò ní mú ọmọ òun lọ. Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀rín eré náà wà.

Gbogbo ayé ń wo ojú àwọn òṣèré. Ẹ̀yin, aago ara ògiri lẹ ń wò. Ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tún aago ṣe, aago wo ló lè kọjá níwájú rẹ̀ kó má yẹ̀ ẹ́ wò? Ní apá kejì, ìdílé ìyàwó ń mu ẹ̀kọ àárọ̀, ẹ ní, "Dá a dúró." Mo dá a dúró. Ẹ nawọ́ sí aago wọn: aago mẹ́rin ààbọ̀. Ẹ̀kọ àárọ̀ ní aago mẹ́rin ààbọ̀! Ọjọ́ yẹn ni ojú mi là. Èmi ni mo rí i pé ilẹ̀kùn ọkọ̀ òfuurufú wọn (táǹkì omi ni, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà fàdákà, wọ́n rò pé a ò mọ̀) wà lọ́wọ́ òsì nígbà tó balẹ̀, ó sì ti sún sí ọwọ́ ọ̀tún nígbà tí àna fẹ́ wọlé. Ẹ̀yin lẹ rí adìẹ. Ará ìràwọ̀ tan tọ́ọ̀ṣì, ó dá àkókò dúró, gbogbo ìlú dúró gbagidi bí òpó, adìẹ kan sì ń ṣa àgbàdo tirẹ̀ lọ lẹ́yìn wọn. Ẹ rẹ́rìn-ín títí Màmá fi sáré wọlé, wọ́n rò pé àìsàn ló tún dé.

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi. Ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tí mi ò lè sín jẹ. Mo ti sín ìyá aládùúgbò jẹ rí tí ọmọ wọn dáhùn tó sì gbé omi wá. Lọ́jọ́ kan, mo sín ikọ́ yín jẹ lójúde kí àwọn ọ̀rẹ́ mi lè rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ẹ wà lójú fèrèsé. Ẹ ò bá mi wí. Ẹ kàn ní mo gbàgbé ìmí gígùn tó máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò bá mi wí? Ṣé ó dùn yín? Títí dòní, ohùn gbogbo ayé wà lọ́fun mi, tiyín nìkan ni mo ń gbìyànjú tí kò jáde.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ lọ, wàhálà mi wá pọ̀ sí i. Wọ́n wá ya eré náà nítòsí ilé wa ní Ìlobù. Ọ̀gá tó ń darí eré máa ń fi imú sọ̀rọ̀. Bó bá fẹ́ kí wọ́n dúró, á ní "Kọ́ọ̀tì!" á fà á gùn bí ẹni tó ń pe ewúrẹ́ wálé. Mo sá pamọ́ sẹ́yìn ògiri, mo pe "Kọ́ọ̀tì!" tirẹ̀. Wọ́n dúró. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, mo tún pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Iṣẹ́ ọjọ́ yẹn bàjẹ́ pátápátá. Mo jẹ̀bi, mo mọ̀. Ọ̀gá wá fẹjọ́ mi sun Màmá. Màmá ò nà mí. Wọ́n jókòó, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán, wọ́n ní, "Ẹjọ́ kan péré sí i, Ìbàdàn ni, lọ́dọ̀ àǹtí rẹ." Ẹ mọ àǹtí yẹn. Nílé wọn, èèyàn ń gbàṣẹ kó tó rẹ́rìn-ín. Bí mo bá lọ, ta ni á máa tu koríko ẹ̀gbẹ́ sàréè yín? Mo pa ẹnu mi mọ́, oṣù méjì gbáko.

Apá ìparí ló wá bá mi nílé. Wọ́n máa ń ya ti òní ní Ìlobù, ti ọ̀la ní Ìfọ́n, kí ìlú kan má baà sọ pé òun nìkan ló ni ará ìràwọ̀. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ìlú méjèèjì ṣe rí. Agbo ilé àwọn Màmá ní Ìfọ́n ni wọ́n yàn fún ìgbéyàwó. Mo ti lọ kí Ìyá Àgbà, wọn ò sì lè lé ọmọ ilé jáde nílé. Ọ̀gá rí mi.

"Ìwọ! Dúró síbi ògiri yẹn. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ pẹ́nrẹ́n, màá pe ìyá rẹ."

"Ẹ ò ní gbọ́ ohùn mi, sà."

Mi ò purọ́, Bàbá. Ohùn tirẹ̀ ló padà gbọ́.

Bàbá Tísà ló ń ṣe bàbá ìyàwó, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Brọ̀dá Múfú tó ń ṣe ará ìràwọ̀, àwọn ló kọ́ ọ níwèé nígbà tó wà ní kékeré. Ohun tí wọ́n kọ fún Bàbá Tísà ni pé kí wọ́n wo àna wọn, kí àánú ṣe wọ́n, kí wọ́n ní àwọn gbà. Ó tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n débẹ̀, inú wọn dùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wúre. Àdúrà gidi. "O ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ilé tí o bá kọ́, ìwọ ni wàá gbé e pẹ́. Ojú rẹ ni ìyàwó rẹ á ṣe hewú." Gbogbo wa ń ṣe àmín, títí kan ẹni tó gbé kámẹ́rà. Brọ̀dá Múfú gbọ́ àdúrà àgbà, ó gbàgbé ìràwọ̀, ó gbàgbé irin, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyẹ̀pẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rí i pé àṣìṣe ni. Báwo ni wọ́n ṣe máa rí i? Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ bí àgbà bá ń wúre fún un. Bó bá nàró ni wọn ì bá rí i. Láti apá kìn-ín-ní ni irin ti wà lẹ́yìn ọkùnrin yìí, àdúrà ẹyọ kan ti yọ́ ọ! Ọ̀gá ń nu omi ojú. Oòrùn ti ń lọ. Bí mo bá dákẹ́, eré wa bàjẹ́. Bí mo bá sọ̀rọ̀, Ìbàdàn.

"Kọ́ọ̀tì!"

Mo fi imú pè é, mo fà á gùn. Kámẹ́rà dúró. Bàbá Tísà yíjú sí ọ̀gá.

"Ìwọ ọmọ yìí, àdúrà lo gé mọ́ mi lẹ́nu yẹn?"

"Èmi kọ́, sà! Mi ò lanu, sà!"

Gbogbo ojú wá yí sọ́dọ̀ mi. Ọ̀gá ti yọ fóònù. Mo rìn lọ bá Brọ̀dá Múfú níbi tó nà sí.

"Brọ̀dá, ẹ dìde. Ẹ̀yìn yín kì í tẹ̀."

"Àdúrà ni wọ́n ń ṣe fún mi! Ṣé kí n nàró ti Bàbá bí igi ni?"

"Ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n ń ṣe é fún. Ará ìràwọ̀ ni."

Ó wo iyẹ̀pẹ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Yéè! Mo mà ti dọ̀bálẹ̀!"

Ẹ̀rín gba agbo ilé kan. Ọ̀gá wo ohun tí wọ́n yà, ó tún un wò, ó rọra ti fóònù bọ àpò. Ó ní, "Ta ló kọ́ ẹ ní irú ojú yìí?" Mo ní bàbá mi ni. Mo sọ ọ́ sókè, kí àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́.

Ṣùgbọ́n Bàbá Tísà fárígá pé àwọn ò ní wúre fún ẹni tó nàró. Brọ̀dá Múfú náà ní orí òun pé, òun ò ní nàró gba ìre. Mo wá dá a lábàá pé irin ò lè tẹ̀, ṣùgbọ́n a lè gbé irin sùn. Kí àwọn ẹ̀gbọ́n ìyàwó mú un léjìká, kí wọ́n mú un lẹ́sẹ̀, kí wọ́n rọra tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí pákó. Bàbá, ẹ ò bá wà níbẹ̀! Ọkùnrin mẹ́rin ń gbé e sọ̀kalẹ̀, ó le gan-an, ó di ojú pọ̀, títí imú rẹ̀ fi kan ilẹ̀. Bàbá Tísà sì ń wúre lọ láìrẹ́rìn-ín. Ó dọ̀bálẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ò sì tẹ̀. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni gbogbo ìlú ń sọ báyìí.

Ọ̀gá lọ bá Màmá nílé fúnra rẹ̀, ó ní láti ìsinsìnyí lọ, ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà ni òun fẹ́ kí n máa jókòó sí, òun á sì kọ orúkọ mi àti ti bàbá tó kọ́ mi sí ìparí eré. Màmá ò dárúkọ Ìbàdàn mọ́.

Kí wọ́n tó gbé apá ìparí jáde, ọ̀gá gbé e fún mi kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Àṣìṣe kan wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń gbé ará ìràwọ̀, kò sẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà. Kámẹ́rà yí padà, obìnrin kan ti dúró síbẹ̀ tí kì í ṣe ará ilé ìyàwó, tí kì í sì í ṣe ará ilé ọkọ. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín, gèlè rẹ̀ ti já sọ́rùn. Kámẹ́rà tún yí, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Màmá ni. Ẹnì kan ti lọ sọ fún wọn pé mo wà níbẹ̀, wọ́n wá fà mí lọ sílé. Láti ọjọ́ tí a ti sin yín, mi ò tíì rí eyín wọn báyẹn.

Ọ̀gá ní, "Ṣé ó mọ́?"

Mo ní, "Ó mọ́, sà."

Ẹ má bínú sí mi. Ká ní ẹ̀yin ni, ṣé ẹ ò ní fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀?

Èmi ni ọmọbìnrin yín, tó ń fi yín yangàn ní Ìlobù, tó tún ń fi yín yangàn ní Ìfọ́n.