Eyínfúnjowó àti Òṣùpá

Màámi, Waliyat yín rèé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ilé Alhaji dára, mi ò sunkún mọ́.

Ẹ ní ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ni mo bá sọ ọmọ ìyáálé mi ní Eyínfúnjowó. Ẹgbẹ́ mi ni. Mo ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, mo sì ń lọ aṣọ iléèwé rẹ̀. Màámi, lánàá ó kàwé fún mi: òṣùpá ò níná tirẹ̀, oòrùn ló ń tàn sí i lára! Ẹnu yà mí títí ọbẹ̀ fi jóná. Ìyáálé mi bínú díẹ̀, àmọ́ apá mi ti ń san.

Ẹ bá mi kí Hajarat àbúrò mi. Ẹ má tíì fún un ní bàtà iléèwé mi o. Ó ṣì bá ẹsẹ̀ mi mu.