Àlàó Kò Padà Láti Odò

Ilé Ràímì Gbẹ́nàgbẹ́nà,
Lẹ́yìn Mọ́ṣáláṣí, Ìgàndó.

Hàbíbátù ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé ní Èkó tí o wà. Ṣé ara rẹ le? Ṣé orí fífọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà tí o wálé kẹ́yìn ti lọ? Ṣé àwọn ọ̀gá rẹ ní báǹkì ṣì ń jẹ́ kí o padà sílé ní ìrọ̀lẹ́, tí wọn kò ní kí o sùn ti owó? Ìyá rẹ ń bẹ̀rù pé ẹni tó ń ṣọ́ owó gbogbo ìlú kò lè fọkàn balẹ̀ sùn. Ọlọ́run tó dá ọ sí láàárín àwọn ènìyàn tí o kò bá tan kò ní fi ọ́ lé wọn lọ́wọ́. Àwa náà wà. Ewúrẹ́ funfun ti bímọ, akọ méjì ni. Wọ́n ti ń da ọ̀dà sí títì láti Ẹgbẹ́dá bọ̀ wá sápá Ìkọ̀tún, àwọn mọ́tò sì ń sá lórí rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé, nítorí náà bí o bá ń bọ̀ wálé, sọ fún awakọ̀ pé kó rọra, sọ fún un pé o ní bàbá.

Tíṣà Olúsànyà, èyí tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé tó wà lápá Egan, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ọmọ Èkìtì ni, ó ní sùúrù. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, kó má fi ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé bò mí mọ́lẹ̀. Nọ́ńbà tẹlifóònù tí o fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ wa. Mo há a sórí, mo sì lọ sí ilé ọ̀gá kan tí mo bá ṣe ilẹ̀kùn ní Ẹ́síteètì Gowon, nítorí wọ́n ní tẹlifóònù. Mo gbé e sí etí, mo sì ka nọ́ńbà náà sí i lẹ́nu ketekete láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ẹni tó dáhùn. Ìyàwó ilé náà ní àfi kí n fi ìka yí i. Mo ní èmi kò wá yí nǹkan onínǹkan, ọmọ mi ni mo wá bá sọ̀rọ̀. Bí mo ṣe padà sórí lẹ́tà nìyẹn, nítorí ohun tó wà nínú mi kò ṣeé dì mọ́ra títí ìwọ yóò fi dé.

Ọ̀rọ̀ ìwé Àlàó Apọnmi ni, èyí tí o máa ń kà fún wa nígbà tí o wà nílé.

Ní Sátidé tó kọjá, àwọn òṣèré kan wá fi ìwé náà ṣeré nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ní Ìkọ̀tún. Tíṣà ló sọ fún mi, ó sì fún wa ní tíkẹ́ẹ̀tì, torí mo bá wọn tún bẹ́ǹṣì ṣe. Mo ní n kò lóye bí ènìyàn ṣe lè fi ìwé ṣeré, ṣé wọn yóò máa jù ú sókè ni? Ó ní rárá, pé àwọn tó wà nínú ìwé náà ni yóò jáde wá, tí a ó máa fi ojú wa rí wọn. Nígbà tí mo sọ fún ìyá rẹ, ó dìde. Ó lọ bu omi, ó padà dé, ó tún lọ. Lẹ́yìn ìrun Aláásàrí ni mo rí i tó ró ìró tuntun, ó ní ká máa lọ.

Ní ẹnu ọ̀nà, ọkùnrin kan gba tíkẹ́ẹ̀tì wa, ó sì ya á sí méjì lójú mi. Ó fún mi ní apá kan, ó mú apá kejì. Mo ní odidi ni mo mú wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ máa wọlé, bàbá. Mo wọlé, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí. Wọ́n ta aṣọ pupa dí iwájú bí ìgbà tí wọ́n fi aṣọ gé yàrá. Nígbà tí wọ́n fà á, àwọn ènìyàn dúró níbẹ̀, wọ́n kọjú sí wa. Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o. Wọn kò jẹ́ mi. Ìyá rẹ ní bóyá wọn kò gbọ́.

Hàbíbátù, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ni mo gbàgbé tíkẹ́ẹ̀tì. Àlàó ni mo rí yẹn. Ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn lórí ẹní, odò ìtòsí ti gbẹ, ọmọ náà sì gbé akèrègbè, ó ní òun yóò lọ pọnmi ní odò ńlá. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọn ni mo mọ̀, ẹnu mi ń bá wọn sọ ọ́. Nígbà tí Àlàó wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun yóò dé kí oòrùn tó wọ̀, ìyá rẹ di ọwọ́ mi mú.

O mọ ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ ni Àmúsà ẹ̀gbọ́n rẹ kà dé fún wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, tó pa ìwé dé, tó ní ojú ń dun òun, pé òun yóò parí rẹ̀ lọ́la. Ibà náà ló ti wọlé. Kò rí i parí. Àwọn àgbà àdúgbò ló gbé e lọ, wọn kò sì jẹ́ ká mọ ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, torí wọn kì í fi sàréè ọmọ han òbí. Ìyá rẹ kò jẹun, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wo ògiri. Títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó la ẹnu, tó bi ọ́ pé, ọmọ tó lọ sódò ńkọ́, ṣé ó padà?

Ìwọ, ọmọ kékeré tó wà ní praimárì, o lọ mú ìwé náà wá. O ṣí i, o dojú kọ ọ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà o bẹ̀rẹ̀ sí kà. O ní Àlàó dé nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, aṣọ rẹ̀ tutù, akèrègbè kún fọ́fọ́ lórí rẹ̀. O ní ìyá rẹ̀ dìde, ó mu omi, ó ní, o mà pẹ́ o, ọmọ mi. Ìyá rẹ gbọ́ ọ tán, ó sì ní kí wọ́n bu oúnjẹ wá fún òun. Láti ìgbà náà ni a ti ń ní kí o kà á fún wa, títí tí o fi lọ kàwé ní Ìbàdàn, tí eku sì ba ìwé náà jẹ́.

Nítorí náà, ní Ìkọ̀tún, mo ń retí rẹ̀. Iná tí wọ́n tàn sórí wọn ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí oòrùn tó ń wọ̀, mo sì ní nínú ara mi pé ó kù díẹ̀ kí ọmọ náà wọlé. Àwọn ọkùnrin kan ló wọlé. Akèrègbè òfìfo ni wọ́n gbé sílẹ̀ níwájú ìyá Àlàó, wọ́n ní orí omi ni wọ́n ti rí i. Obìnrin náà bú sẹ́kún.

Mo dìde. Mo ní, ẹ̀yin ọmọ, ẹ ti ṣì í. Mo ní Àlàó padà, omi sì wà lórí rẹ̀, ọmọ mi ló kà á fún mi. Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní kí bàbá jókòó jàre. Ìyá rẹ ń fa ẹ̀wù mi, ó ní, Bàbá Hàbíbátù, ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. N kò jókòó. Tíṣà ló wá di apá mi mú jáde, ìyá rẹ sì tẹ̀ lé wa.

Mo sọ fún Tíṣà pé ìdajì tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n jẹ́ kí n mú wọlé, wọ́n sì ti fún mi ní ìdajì ìtàn. Kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ ìwé Àlàó nínú báàgì rẹ̀, àwòrán ọmọ tó gbé akèrègbè sì wà lẹ́yìn ìwé náà gẹ́gẹ́ bíi ti àtijọ́. Ó ka ojú ìwé tó kẹ́yìn sí mi létí. Ọmọ náà kò dé. Mo ní kó tún un kà, kò tún dé. Mo ní ìjọba ti pààrọ̀ owó, wọ́n ti pààrọ̀ ọwọ́ tí mọ́tò ń gbà lójú títì, bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ìwé náà pẹ̀lú. Tíṣà ní rárá, bàbá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló wà nígbà tí òun náà kà á lọ́mọdé ní Èkìtì, pé òun sunkún.

Nígbà náà ni mo wo ìyá rẹ. Kò yà á lẹ́nu.

Mo ní, ṣé o mọ̀ ni? Ó ní, mo mọ̀. Mo ní láti ìgbà wo? Ó ní láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ní ojú rẹ kò sí lórí ìwé, pé òun ni ò ń wò. Ó ní o kò ṣí ewé kankan títí tí o fi parí rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní ọmọ tó ń wá ọ̀nà tí ìyá rẹ̀ yóò fi jẹun, ṣé kí òun wá sọ fún un pé òun ti rí i? Ó ní, bí mo bá sọ ọ́, ṣé Àlàó kò ní padà sínú odò?

Mo jókòó sórí òkúta kan níbẹ̀. Inú kọ́kọ́ fẹ́ bí mi pé ẹ̀yin méjèèjì ru ẹrù kan nínú ilé mi, ẹ kò sì sọ fún mi. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ mìíràn wá sí mi lọ́kàn. Ìwọ náà lo ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ẹ̀gbọ́n rẹ nígbà náà. O fi ojú ka èyí tó wà nínú ìwé, o gbé e mì, o sì fi ẹnu ka òmíràn fún wa. Ta ló ka tìrẹ fún ọ, Hàbíbátù? Kò sí ẹnìkan nínú wa tó bi ọ́. Tíṣà ti gbé kálàmù sílẹ̀ níbi tó kọ èyí dé, ó ń nu ojú, mo ní kó máa kọ ọ́ lọ.

Ìyá rẹ padà wọlé lọ wo èyí tó kù. Ó ní òun fẹ́ fojú òun rí i. Nígbà tí èmi náà wọlé, mo bá a lórí bẹ́ǹṣì iwájú, ó ń sunkún gbangba. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Àmúsà lọ, n kò rí omi lójú rẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n parí, obìnrin tó ṣe ìyá Àlàó sọ̀ kalẹ̀ wá, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní ẹ má bínú, mọ́mì, eré ni. Ìyá rẹ ní òun mọ̀. Ó ní, o ṣeun. Wọ́n di ara wọn mú.

Bí a ṣe ń rìn bọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ Àmúsà. Orúkọ tí a kò pè nínú ilé wa, ó pè é lójú ọ̀nà láàárín àwọn ènìyàn. Ó ní ọmọ náà a máa fi orin kọ nọ́ńbà bó bá ń ka iye àgbàdo, a sì máa fo méje nítorí pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Èmi kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó kú ni àwọn aládùúgbò ti dẹ́kun láti máa pe òun ní Ìyá Àmúsà, tí wọ́n sọ òun di Ìyá Hàbíbátù. Ó ní òun mọ̀ pé àánú òun ló ṣe wọ́n, òun sì ń jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè é ni òun ń gbọ́ èyí tí wọ́n fò.

Ọmọ mi, wá wá wò wá. Kò sí ẹni tó ń ṣàìsàn, má jẹ́ kí àyà rẹ já. Tíṣà ní wọ́n ń ta ìwé Àlàó ní Èkó, rà á bọ̀. Ìyá rẹ ní kí o kà á fún wa bó ṣe wà níbẹ̀ gan-an. Ó ní èyí tí o ti kà fún wa ti bọ́ wa yó, ó wá tó àkókò kí ìwọ náà sọ ẹrù rẹ kalẹ̀. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú, nítorí páànù ti ń jo lójú ibi tí ìyá rẹ ń sùn, sìmẹ́ńtì àti páànù sì ti gbówó lórí láti ìgbà tí owó epo ti gbòde. Mo mọ̀ pé owó pọ̀ ní báǹkì yẹn, má ṣe fọwọ́ kàn án. Nínú tìrẹ ni kí o ti mú, bí kò bá pọ̀, a ó gbà á bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ẹni tí yóò rí ẹkún rẹ kí o tó sun ún. Àwọn ọmọ tí ìwọ yóò bí yóò sin ọ́. Ọ̀nà rẹ yóò gbòòrò, ojú kò ní tì ọ́ níbi tí o bá dúró sí. Àmín.

Mo fẹ́ kí Tíṣà kọ orúkọ mi síhìn-ín, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ní rárá, báyìí ni kó kọ ọ́:

Àwa ni,
Bàbá àti Ìyá Àmúsà àti Hàbíbátù.