Ọjọ́ Ìsìnkú Ìyá Wa Wà Nínú Ẹ̀rọ

Èmi tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Sáfà, nítorí ọdún mọ́kànlélógún tí mo fi tọ́jú sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ń kó èsì ìdánwò pamọ́ sí, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Kíndìnrín mi ló ń ṣàìsàn, orí mi pé. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi. Ìbá sì dára ká ní wọ́n ti fipá mú mi tipẹ́. Mo pa gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, aránṣọ, ni mo yàn láti mú ìfẹ́ mi ṣẹ, kí wọ́n sì ka ìwé yìí kí ẹ tó sin mí.

1. Ilé oníyàrá mẹ́rin tí à ń gbé, mo fi í sílẹ̀ fún ìyàwó mi pátápátá, àti òrùlé rẹ̀ tó ń jò lókè ilé ìdáná. Má bínú, aya mi. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń sọ pé ọ̀la ni mo máa tún un ṣe. Ìyàwó mi yìí nìkan ló mọ ohun tí ẹ ó gbọ́ ní ìsàlẹ̀. Ó bẹ̀ mí kí n sọ ọ́, ó bẹ̀ mí títí ó fi sú u.

2. Ajá mi, arúgbó afọ́jú, mo fi í sílẹ̀ fún ọmọbìnrin mi, nọ́ọ̀sì. Má ṣe sún àga kúrò ní àyè rẹ̀, torí yóò forí gbá a. Ọmọ mi, mo mọ̀ pé o kò fẹ́ràn ajá. Fara dà á, òun náà kò ní pẹ́ mọ́.

3. Àpótí irinṣẹ́ pupa kì í ṣe tèmi láti há. Àbúrò mi ọkùnrin ló ni ín. Owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ ló fi rà á nígbà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nídìí sáfà. Ọjọ́ tí wọ́n lé e kúrò níṣẹ́ ni mo gbẹ́sẹ̀ lé àpótí náà, mo ní ti ibi iṣẹ́ ni. Kí ẹ dá a padà fún un. Irú ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ilé onílé ló wá ń fi ọ̀dà kùn káàkiri.

4. Sáfà àtijọ́ tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ilé ẹ̀kọ́ náà fẹ́ dà á nù, mo rà á. Ẹ rò pé ìfẹ́ iṣẹ́ ni. Ẹ̀rù ni.

Ní ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn, ní ọ̀sẹ̀ tí ìyá wa kú, dísìkì kan, ibi tí ẹ̀rọ ń kó èsì sí, ń kú lọ nínú rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ń ké pìì, pìì. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó ní kí a pààrọ̀ dísìkì náà kíákíá. Inú bí mi. Ṣé ẹni tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́ ni yóò máa kọ́ mi? Òun náà ni ìyá wa fẹ́ràn jù, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè títí wọ́n fi dákẹ́. Nígbà tó di Sátidé ìsìnkú, mo ránṣẹ́ sílé pé sáfà fẹ́ bàjẹ́, n kò lè wá. Mo jókòó síwájú ẹ̀rọ. Mo pa á, mo tún un tàn, mo wọ inú ètò ìṣàkóso tí àwọn tó ṣe é ti fi sínú rẹ̀ látilẹ̀, mo wá ibi tí ìkìlọ̀ dísìkì, igbe pìì yẹn, wà, mo sì pa ìkìlọ̀ náà. Yàrá dákẹ́. Gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí dísìkì kejì tẹ̀lé èkíní, èsì ọdún mẹ́rin sì ṣègbé. Wọ́n béèrè ẹni tó pa ìkìlọ̀. Pásíwọ́ọ̀dù kan náà ni àwa méjèèjì ń lò. Mo ní àbúrò mi ló pa á, pé lọ́jọ́ Ajé lẹ́yìn ìsìnkú ni. Ó kàn ń wò mí, ó ń retí kí n rẹ́rìn-ín, kí n ní àwàdà ni. Wọ́n lé e lójú ẹsẹ̀, wọn kò jẹ́ kó tún fẹsẹ̀ kan yàrá náà. Ẹ̀yin ẹbí sì gbà mí gbọ́, torí èmi ni àgbà.

5. Ètò àyẹ̀wò kan wà nínú sáfà náà, kì í ṣe lórí àwọn dísìkì tó kú, tó máa ń kọ gbogbo ohun tí a bá ṣe sí i, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ kò yẹ̀ ẹ́ wò, torí ọ̀rọ̀ ẹnu mi ti tó wọn. Àìmọye ìgbà ni mo ti nawọ́ sí bọ́tìnnì tó ń pa àkọsílẹ̀ náà rẹ́. Ṣùgbọ́n bí o bá pa á rẹ́, ẹ̀rọ yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé o pa á rẹ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò tilẹ̀ tó ogún.

6. Kí ẹ gbé sáfà náà sí pálọ̀, níbi tí ẹ ti dá àbúrò mi lẹ́bi. Kí àbúrò mi jókòó sórí àga mi. Kí ọmọbìnrin mi tan ẹ̀rọ náà, kí ó tẹ bọ́tìnnì tí mo lẹ bébà pupa mọ́, kí ó ṣí àkọsílẹ̀, kí ó sì kà á sókè ketekete, ìlà tó sọ ìgbà tí wọ́n pa ìkìlọ̀ dísìkì: Sátidé, aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán. Ẹ kò ní béèrè ibi tí àbúrò mi wà ní aago méjì ààbọ̀ ọjọ́ yẹn. Gbogbo yín lẹ jọ wà níbẹ̀. Ṣọ́bìrì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń da yẹ̀pẹ̀ bo ìyá wa.

7. Bí ó bá ní òun kò ní wá síbi ìsìnkú mi, kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀ ẹ́. Èmi náà kò sin ìyá wa.

Mo fọwọ́ ara mi sí i lórí ibùsùn mi:
Bàbá Sáfà
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá

Àwọn ẹlẹ́rìí, tí wọ́n rí i bí mo ti fọwọ́ sí i:
Káfíńtà, aládùúgbò mi
Ìyá Oníbúrẹ́dì, ojúlé kejì