Jóṣúà Dọ̀bálẹ̀ Níwájú Pẹpẹ

Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ọjọ́ Ìsinmi, Oṣù Kejìlá, 1954

Ìyàwó Délé, má sunkún sórí ìwé. Kọ ọ́ bí mo ṣe wí i.

Jóṣúà dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, ó ní irọ́ lòun pa nígbà tóun búra ní kóòtù pé Délé ọmọ mi jí kòkó òun. Wọ́n tìtorí ẹ̀ ju Délé sẹ́wọ̀n, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú pẹpẹ, wọ́n ń kígbe Halelúyà. Kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Nílẹ̀ yìí, ẹni tó bá ṣẹ̀ ọ́ a kó àgbà lẹ́yìn wá sílé rẹ. Ṣé Ọlọ́run ló purọ́ mọ́ ni?

Àlùfáà ní, “Yèyé, ẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ Jésù ti wẹ̀ ẹ́ mọ́.”

Mo ní, “Ó dáa. Kó lọ wí bẹ́ẹ̀ ní kóòtù, kí wọ́n yé pe àwọn ọmọ Délé ní ọmọ olè.”

Jóṣúà ní, “Yèyé, ẹ ṣàánú mi. Ojú á tì mí níbẹ̀.”

“Ojú ti Délé níbẹ̀, kò sì jí nǹkan kan.”

Wọ́n fún Jóṣúà ní oúnjẹ Olúwa, ó jẹ, ó mu. Èmi ni wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n ní ọkàn mi kò mọ́.